Yàá Wọ Ṣàgámù

Nígbà tí ìsìnkú Màmá Ẹ̀pẹ́ ku ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún mi ní bébà àti bírò. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé ìyá wọn tí a óò tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìn, nítorí pé èmi ni mo jáde ní yunifásítì kẹ́yìn nínú ẹbí, mi ò sì tíì rí iṣẹ́ tí yóò gba àkókò mi. Mo kọ ọ́. Mo kọ ibi tí wọ́n bí wọn sí, ìwé tí wọ́n kà, ọkọ tí wọ́n fẹ́, ọmọ tí wọ́n bí, ẹgbẹ́ tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kún ojú ìwé kan gééré, gbogbo ènìyàn sì ní ó dára. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á níwájú pósí wọn, ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé ẹni tí mo ń kà nípa rẹ̀ lè jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni. Màmá fúnra wọn ò sí nínú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ èyí. Kò ní tò lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń wá sí mi lọ́kàn kì í tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀pẹ́ tí a fi ń pè wọ́n kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ ti Èkó, àdúgbò ni ní Ṣàgámù níbí. Ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá ilé-ìwé, mo sì mọ̀ pé díẹ̀ nínú adùn rẹ̀ ń dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ obì ni wọ́n ń ṣe. Láti oko àwọn ará Àkàkà ni obì gbànja ti ń bọ̀ wá bá wọn. Wọn a rẹ ẹ́ sínú omi títí èèpo funfun ara rẹ̀ á fi rà, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a tẹ́ ẹ sórí ẹní. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gan-an á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọn a mú obì kan, wọn a yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọn a máa wá ihò kòkòrò, èyí tí ó lè má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Àwọn tó kù tó ń ṣa obì ládùúgbò a máa fi ọwọ́ kan kó mẹ́ta, mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àlàájì tó ń wá ra obì láti Sábó a dúró ti apẹ̀rẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó.

“Màmá, ẹ ò tíì bá obì sọ̀rọ̀ tán?”

“Ó ku ẹyọ kan. Ó ní òun ò bá ọ lọ.”

“Kí ni mo ṣe fún un?”

“Ó ní o máa ń kánjú.”

Bí wọ́n bá bi ọmọdé ní ìbéèrè, wọn a dúró de èsì. Mo mọ̀ pé èyí dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn àgbàlagbà dáadáa: wọn a bi ọmọ ní ìbéèrè, kó tó yanu, wọn a ti bá a dáhùn. Nígbà tí èsì ìdánwò àṣejáde mi dé tí mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò, mo wọlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada omi obì. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan. Wọ́n ń fọ obì lọ. Wọn ò tún un bi, wọn ò wojú mi, wọn ò sì dìde. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí òòrùn fi kúrò lórí ẹní, kí n tó sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Inú tún bí mi. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi fi tipátipá gbà á lẹ́nu mi láti àárọ̀, kí n lè sunkún tán kíákíá.

Wọ́n ní, “Mo bi ọ́ ni, mi ò tì ọ́.”

Ẹ má rò pé ẹni pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Wọ́n bá télọ̀ jà, wọ́n bá olórí akọrin jà, wọ́n sì bá bàbá mi, tíṣà ní Ìkẹ́nnẹ́, jà ju gbogbo ayé lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí àǹtí kan ní Èkó ní kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, kí n máa bá àwọn gbé ọmọ. Bàbá mi gbà. Wọ́n di ẹrù mi sínú àpótí onírin kan. Màmá gbọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ láti Ṣàgámù wá sí Ìkẹ́nnẹ́, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n jókòó lé àpótí náà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ọkọ̀ ń dúró.”

“Àbẹ̀kẹ́, ṣé o mọ ibi tí ò ń lọ?”

Mo ní rárá, mi ò mọ̀ ọ́n.

“Ta ló bi ọ́ bóyá o fẹ́ lọ?”

Mo wo bàbá mi. Bàbá mi wo ilẹ̀. Wọ́n ní ilé-ìwé Èkó dára, wọ́n ní àǹtí náà kì í ṣe àjèjì, wọ́n ní ìlérí ti wà nílẹ̀. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n wá dìde lórí àpótí.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí, “fi àpótí ránṣẹ́. Ìyẹn kì í sunkún.”

Nítorí pé mo kàwé, mo gbà pé gbogbo nǹkan ló ní orísun. Lẹ́yìn ìsìnkú mo lọ bá ẹ̀gbọ́n Màmá, obìnrin àgbà tí kò rìn mọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fi Màmá tọrẹ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tàbí bóyá wọ́n sọnù rí, nítorí pé mo fẹ́ mọ ohun tó mú wọn rí bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìyá náà wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ta ló sọ fún ọ pé ó sọnù rí? Alágídí ni wọ́n bí i.”

Nítorí náà mi ò ní orísun kankan fún yín. Ohun tí mo ní ni ohun tí wọ́n ṣe.

Ní ọdún tí ìjọba kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò nílẹ̀ yìí láàárín ọjọ́ díẹ̀, mo wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo sì ń gbé. Ọyẹ́ ń fẹ́. Oríta márosẹ̀, níbi tí ọ̀nà Òrè ti já sí ọ̀nà Èkó, kún fún àwọn ará Gánà àti ẹrù wọn: fóòmù tí wọ́n ká, fáànù, rédíò, ìkòkò tí wọ́n so mọ́ra. Wọ́n ń lọ sí ẹnubodè, a sì gbọ́ pé ẹnubodè náà ti tì. Ọkọ̀ ò tó. Bí ọkọ̀ kan bá bàjẹ́, àwọn inú rẹ̀ á túká bí ẹ̀wà tó dà nù, kálukú á máa wá ibi tí yóò fẹsẹ̀ há.

Àwọn kan ládùúgbò wa ní ẹ̀san ni, pé àwọn náà ti lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà rí. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá àti àwọn ọmọ kí wọ́n rí ibi sinmi. Àwọn obìnrin ìjọ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Àwọn kan ń se oúnjẹ, àwa ọ̀dọ́ ń ru omi lọ sí oríta. Màmá ní, “Èmi ò mọ oúnjẹ èrò sè. Ẹ fún mi ní àwọn ọmọ tí kò rí ẹni wọn.” Mẹ́ta ni wọ́n. Méjì rí ìyá wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ku ọ̀kan.

Ọmọbìnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni dírẹ́bà kan rí i ní oríta, tí ó jókòó lórí fóòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Òrè tó bàjẹ́, tí ó gbá báàfù kékeré kan mọ́ra. Dírẹ́bà náà gbé e wá sí ilé-ìwé. Kò sunkún. Kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ òyìnbó.

Ìyá Ìjọ wá wò ó ní ọjọ́ kejì. Ẹni rere ni Ìyá Ìjọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó rò pé mo ń bú wọn. Àpò ìrẹsì tí gbogbo èrò yẹn jẹ, àwọn ni wọ́n gbé e wá. Ìyá tó bí wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Ìbàdàn sì ti pẹ́ nílé ọkọ láìbímọ. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, wọ́n fi ìka kan àyà rẹ̀, wọ́n ní, “Orúkọ rẹ? Orúkọ?”

Ọmọ náà wò wọ́n. Ó ní, “Yàá.”

“Ẹ gbọ́? Ó pè mí ní ìyá.”

Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún, èmi náà sunkún, mo sì rántí pé inú mi dùn pé mo fi ojú ara mi rí i. Ìyá Ìjọ ní Ìyábọ̀ ni orúkọ ọmọ náà láti òní lọ, pé ìyá àwọn ló padà wá. Wọ́n ní bí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá parí, àwọn á gbé e lọ bá ọmọ àwọn ní Ìbàdàn, níbi tí yóò ti rí ìtọ́jú. Kò sí ẹni tó rí àléébù nínú rẹ̀.

Màmá nìkan ló sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ìyá Ìjọ, ọmọ ọdún mẹ́rin ti lórúkọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.”

Àárọ̀ Sátidé, ọmọ náà jókòó tì wọ́n lórí ẹní, ó ń mú obì, ó ń yí i sí ìmọ́lẹ̀ bí ó ti rí wọn tí wọ́n ń ṣe. Màmá bi í ní orúkọ. Ó ní, “Yàá.” Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún un bi. Ó gbójú sókè, ó ní, “Yàá,” bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dà láàmú. Màmá gbé obì ọwọ́ wọn sílẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́, bí ọmọ bá ń pe ìyá rẹ̀, ibo ló máa ń wò?”

“Ọ̀nà.”

“Èmi ni eléyìí ń wò. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ń dá mi lóhùn ni.”

Ara mi tutù bí ẹni tí wọ́n da omi obì lé lórí. Nítorí pé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mo ru omi dé oríta, mo pàdé obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti há, tó ń sáré láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, tó ń pe “Yàá, Yàá.” Ó di mí lápá mú. Mo rò pé ìyá rẹ̀ ló ń wá. Mo tiẹ̀ rò ó nínú ara mi pé àgbàlagbà yìí náà ń sunkún ìyá. Mo ti rí arúgbó obìnrin kan tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀ kan tó kọjú sí Èkó, mo sì fẹ́ ṣoore. Mo na ọwọ́ sí ọkọ̀ náà, mo ní, “Ìyá wà níbẹ̀ yẹn.” Ó sáré lọ, ó gun ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ náà gbéra. Mo gbé garawa mi, mo lọ sílé, ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ran ẹnì kan lọ́wọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá. Mo ń retí igbájú, mo sì fẹ́ ẹ, nítorí pé igbájú á jẹ́ kí ó parí. Wọn ò gbá mi. Wọ́n bi mí irú aṣọ tó wọ̀, wọ́n bi mí irú ọkọ̀ tó gùn, wọ́n wá dìde, wọ́n di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, a sì lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tí wọ́n máa ń bá jà.

Kùmásí ni télọ̀ yìí ti kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lé e wálé ní ọdún tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà. Láti ìgbà tí èrò ti kún oríta, kò yọjú sí ilé-ìwé. Màmá ò kí i. Wọ́n kàn ní, “Kí ni Yàá?”

Télọ̀ ò gbójú kúrò lórí ẹ̀rọ. “Orúkọ ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Ọjọ́bọ̀.”

“O mọ̀ ọ́n, o jókòó síbí.”

“Wọ́n lé mi, Màmá. Aṣọ kan ló kù sí mi lára.”

Màmá ti ọmọ náà síwájú díẹ̀, báàfù wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Ṣé èyí ló lé ọ?”

Télọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rí ọmọ náà tó rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ní ọmọ náà ò mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Màmá ní kí ó kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń sọ pé Yàá wà ní Ṣàgámù. Ó ní, “Yàá wọ Ṣàgámù.”

“Èdè wọn ni mo ní kí o sọ, kì í ṣe tiwa.”

“Èdè wọn náà ni, Màmá. Bí wọ́n ṣe ń wí i nìyẹn. ‘Wọ’ tiwọn ni ‘wà ní’ tiwa.””

Báyìí ni wọ́n fi gbé àpótí ìjókòó wọn lọ sí oríta lọ́jọ́ náà. Gbogbo dírẹ́bà tó ń lọ sí Èkó, wọ́n dá a dúró, wọ́n ní kí ó máa ké gbólóhùn náà láàárín èrò. Súlè, dírẹ́bà típà kan tó mọ̀ wọ́n dáadáa, fi wọ́n ṣẹ̀sín.

“Màmá, bí mo bá ń kígbe Yàá kiri láàárín èrò, wọ́n á ní mo ń wá ìyá mi.”

“Jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹnì kan ló máa mọ̀ pé kì í ṣe ìyá ẹ lò ń wá.”

Ọjọ́ Àìkú, wọn ò lọ sí ìsìn. Oríta ni wọ́n wà, àwọn àti ọmọ náà, lábẹ́ ìbòòji páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọkọ̀ Òrè ti bàjẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, mọ́tò Ìyá Ìjọ dé. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kékeré aláwọ̀ òféfèé kan tí wọ́n rán.

“Màmá, eruku lẹ fi ọmọ sí, nígbà tí ilé wà.”

“Ilé wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibí ni ìyá rẹ̀ ti pàdánù rẹ̀. Bó bá padà wá, ṣé Ìbàdàn ló máa wá a lọ?”

“Ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ló pè mí ní ìyá.”

“Orúkọ rẹ̀ ló sọ fún yín. Ẹ bi í, ó dá yín lóhùn.”

Ojú Ìyá Ìjọ pọ́n. Wọ́n ní, “Bí ìyá rẹ̀ ò bá wá mọ́ ńkọ́?”

Màmá fi etí ìró wọn nu eruku ojú ọmọ náà. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Bí obìnrin yẹn ò bá wá mọ́, èmi ni mo fà á.

“Nígbà náà a ó jókòó, a ó fẹnu kò, ẹ̀yin náà á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi ìkánjú sọ ọ́ di ọmọ òrukàn.”

Ìyá Ìjọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òpin. Bí ẹnikẹ́ni ò bá yọjú, àwọn á mú ọmọ lọ, kí Màmá sì lọ fi ẹjọ́ sun ẹni tó bá wù wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ ló gbè sẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn obìnrin méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láìkí Màmá. Mo rí i pé ó dùn wọ́n, nítorí pé wọ́n ń tún ìwérí wọn wé láìnídìí.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni típà Súlè já wọ oríta láti ọ̀nà Èkó. Mọ́tò Ìyá Ìjọ ti dé ṣáájú, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Súlè ń pariwo láti ojú wíńdò pé, “Màmá, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín tó, wọ́n ní kí n lọ sílé lọ bá ìyá mi.” Obìnrin kan fò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti gbẹ ju bí mo ti rí i ní Ọjọ́bọ̀.

Mo rò pé Màmá á ju ọmọ náà sí i lápá. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n di ọmọ náà lọ́wọ́ mú gírígírí, wọ́n na ọwọ́ kejì síwájú kí obìnrin náà dúró, wọ́n ní, “Pè é.” Súlè ń bínú, ó ní ṣé ìyẹn náà tún kù. Ohun tí wọ́n fẹ́ yé obìnrin náà. Ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Yàá.”

Ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ kan tí a ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìyá lọ́dọ̀ wọn. Kò jọ Yàá rárá. Màmá tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ìjọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, aṣọ kékeré yẹn lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n yíjú láti wọlé, Màmá pè wọ́n. “Ìyá Ìjọ, ẹ wá wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ̀yin lẹ rán an.” Wọ́n wá. Wọ́n wọ̀ ọ́ fún un, wọ́n sì pẹ́ lórí bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo ti fara pa mọ́ sẹ́yìn èrò. Màmá wá mi rí.

“Àbẹ̀kẹ́, sọ fún un.”

“Kí ni, Màmá?”

“Ohun tí o ṣe.”

Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, òun náà ò sì gbọ́ tèmi. Nítorí náà mo na ọwọ́ mi sí ọ̀nà Èkó bí mo ti nà án lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbá ara mi láyà. Ó wo ọwọ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ọmọ rẹ̀ ní èjìká, ó sọ ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún ní èdè rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò sì wálẹ̀. Ó yíjú, ó gun ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ sí ẹnubodè.

Mo sáré bá Màmá. “Kí ló sọ? Ṣé ó dárí jì mí?”

“Mi ò gbọ́ èdè wọn.”

“Ṣùgbọ́n ẹ rí ojú rẹ̀. Ó dà bíi pé...”

“Àbẹ̀kẹ́, má bá a sọ èyí tí kò sọ.”

Mo gbìyànjú láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún télọ̀ kó túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó ti dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní.

Láti ìgbà tí Màmá ti kú ni àwọn ẹbí ti ń gbìyànjú láti tù mí nínú, nítorí wọ́n rí bí ọkàn mi ò ṣe balẹ̀. Wọ́n ní, “Màmá ì bá ní kí o má dààmú, iṣẹ́ á dé.” Wọ́n ní, “Màmá ì bá ní òun fi ọ́ yangàn.” Bóyá wọn ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ti sọ ọ́, mo fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì ní bá wọn sọ ọ́.